Ológbò tó ń rùn: kí ẹ tó bu omi, ẹ wá ibi tí òórùn náà ti ń jáde

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìpẹru-Rẹ́mọ ni mo ń gbé, mo ń ta gaàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mi. Èkúté tó ń lu àpò ọjà mi ni mo torí rẹ̀ gba ológbò kan. Abo ni, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, èkúté sì ti sá. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orí ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì ni ológbò náà ti ń rùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ó sì ń họ ara ṣáá. Mo ti fi ọṣẹ ìfọṣọ lúbúlúbú wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì da oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ díẹ̀ sínú omi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ṣe ìyẹn. Ó fi èékánná ya ọmọ mi lápá lọ́jọ́ náà, ara yíyún rẹ̀ sì le sí i. Nǹkan roboto kan ti wá yọ sí ọrùn ọmọ náà báyìí. Àwọn aládùúgbò kan ní èèwọ̀ ni kí ènìyàn wẹ ológbò, àwọn mìíràn ní Sátidé-Sátidé ni kí n máa wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń wẹ ajá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ọṣẹ dúdú ni kí n lò?”

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú àmójútó ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ìbéèrè kan ni ẹ pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: òórùn, irun tó lẹ̀ pọ̀, ara yíyún, àti ohun tó yọ sí ọrùn ọmọ. Ìwẹ̀ ni ẹ sì fẹ́ fi kó gbogbo wọn nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú ẹranko ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi ni pé ológbò tó ń rùn kì í sábà jẹ́ ológbò tí omi ń wù. Ológbò tí nǹkan kan ń ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ibi tí òórùn náà ti ń jáde. Bí a bá rí i, a óò wá sọ̀rọ̀ omi, ó sì ṣeé ṣe kí a rí i pé omi kò kàn án rárá.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn aládùúgbò yín lóhùn. Ìwẹ̀ ológbò kì í ṣe èèwọ̀. Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ ológbò tán kí ẹnì kan má mẹ́nu ba àjẹ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Síbẹ̀, àwọn tó ní kí ẹ má fi omi kàn án kò jìnnà sí òótọ́ tó àwọn tó ní kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Bí ológbò yín bá ń lá yín lọ́wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe rí lára yín: ṣákaṣàka ni, bí ojú páànù tí a dá lu láti fi rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀gún kéékèèké ló kún ibẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ni gbogbo wọn sì kọjú sí. Òòyà ológbò nìyẹn, kànrìnkàn rẹ̀ náà sì ni. Òun ló fi ń fa irun tó ti kú yọ, tó fi ń mú ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò, tó sì fi ń tẹ itọ́ wọnú irun títí dé awọ ara. Ológbò tí ara rẹ̀ dá a máa ń fi apá tó pọ̀ nínú àkókò tí kò fi sùn tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tí ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ológbò onírun kúkúrú, bí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ilé wa, fi lè lo ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì ní rùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀fun ni àwọn ẹ̀gún ahọ́n náà kọjú sí, ohunkóhun tí wọ́n bá gbá jọ, gbígbé mì ni. Kò rọrùn fún ológbò láti tu ú dànù. Ohun tí ẹ bá fi pa á lára lónìí, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ ni lálẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti oògùn tí ẹ lò ti bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ lúbúlúbú le ju ohun tí awọ ológbò lè gbà lọ. Ó máa ń bó epo tí awọ náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, awọ yóò gbẹ, yóò sì máa yún. N kò rò pé ó yẹ kó yà yín lẹ́nu, nígbà náà, pé ó ń họ ara sí i lẹ́yìn tí ẹ wẹ̀ ẹ́ tán. Oògùn ìfọlé ni ó bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó léwu jù, ẹ bù ú díẹ̀ sínú omi nínú ife: bí omi náà bá di funfun bíi wàrà, ó ṣeé ṣe gidigidi kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí èròjà phenol tàbí ìbátan rẹ̀ wà nínú wọn. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn lè tú irú èròjà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ kí ó sì tì í jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára yẹn tó bó ti yẹ, nítorí náà májèlé náà máa ń pẹ́ nínú ara rẹ̀. Ìdí kan náà ni hóró parasitamọ́ọ̀ kan ṣoṣo, tí ọmọdé lè lò tí ibà rẹ̀ á lọ, fi lè pa ológbò. Bí tiyín bá ti ń jẹun dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò bì, tí itọ́ kò dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì bó, ó ti yọ nínú ti ọjọ́ náà. Ẹ má tún un ṣe.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú èèpo kókó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ epo láti fi ṣe é, omi eérú náà sì le koko. Awọ ológbò tín-ín-rín ju tiwa lọ, èyí tó ti fi èékánná họ títí tó fi bó yóò sì ta á bí ata. Bí ọṣẹ bá di dandan, èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò gan-an ni kí ẹ wá. Ó máa ń wà ní àwọn ilé oògùn ẹranko ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo. Bí ẹ kò bá rí i, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán sàn ju ọṣẹ tí kò tọ́ lọ. Àwọn ohun mìíràn tí mo ti rí lára ológbò tí wọ́n gbé wá bá mi pọ̀ ju èyí tí mo lè kà tán: kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú, káńfọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀ nínú aṣọ, àti ọ̀tapiápiá. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ọ̀tapiápiá, àjọ NAFDAC sì fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, ti 100 ml sísàlẹ̀, ní 2019 nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn pàápàá. Oògùn kòkòrò ajá tó ní permethrin náà kò gbọdọ̀ kan ológbò. Mo sọ èyí gidigidi, nítorí pé àwọn tó ń tà á ní ọjà lè sọ fún yín pé ẹranko ni ẹranko ń jẹ́. Ológbò tí wọ́n bá fi í pa lára lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, kó sì mú gìrì. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án kúrò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki epo pupa bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà kan á sì di méjì.

Ó wá kan òórùn. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé ológbò kan wá bá mi láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù, wọ́n ní ó ń rùn. Mo wẹ̀ ẹ́, mo nù ún, mo gbà owó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n gbé e padà, mo tún un wẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó la ẹnu rẹ̀. Eyín kan ti jẹrà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ọyún ń ṣàn ní ìdí rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹranko náà bá sì fi ahọ́n tún ara ṣe, òórùn ẹnu yẹn ló ń fi pa ara rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọdún kan, yóò máa rùn ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ̀yin náà lè wò ó: ẹ fi àtàǹpàkò gbé ètè òkè rẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ipá la ẹnu rẹ̀. Èrìgì tó dára máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bíi àwọ̀ inú ètè ọmọ ọwọ́. Bí ó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ bo ìdí eyín, ẹ ti rí ọ̀nà kan.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ wo etí. Ìdọ̀tí dúdú tó gbẹ bí ẹ̀tù ìbọn nínú etí, tí ẹranko náà sì ń gbọn orí, sábà máa ń jẹ́ àmì kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, tó ń gbé inú etí. Ẹ má fi igi ìwatí wọ inú etí rẹ̀. Ẹ ó kàn ti ìdọ̀tí náà wọlé sí i ni. Ẹ fi ọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀, pàápàá ní ìdí ìrù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀, bóyá ẹ óò rí ibi tó wú tó sì gbóná. Bí ológbò méjì bá jà, eyín máa ń gún awọ bí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ á jiná ní òkè, oówo á sì máa dì ní abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá bẹ́, òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ wo abẹ́ ìrù náà. Bí ẹ bá rí ohun funfun kéékèèké tó dà bí hóró ìrẹsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì kò ní ṣì í mọ̀: ègé aràn ni, kòkòrò inú irun ló sì sábà máa ń kó o fún ológbò, bí ó bá gbé kòkòrò náà mì nígbà tó ń lá ara rẹ̀.

Kòkòrò inú irun yìí ni mo fura sí jù lọ ní ti ara yíyún, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹ ní irun ti lẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe eégbọn, tó máa ń di mọ́ ojú kan tí á sì máa wú. Èyí tí mo ń sọ, tí òyìnbó ń pè ní flea, kéré, ó pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín dúdú àti pupa, ó máa ń sáré láàárín irun, bí ẹ bá sì fẹ́ mú un, á ta sókè bí ẹni pé rọ́bà ni wọ́n fi ta á. Ẹ lè má rí ọ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ológbò mọ bí a ti ń fi eyín mú wọn jẹ. Ẹ mú òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra dáadáa, irú èyí tí a fi ń yọ iná orí, ẹ fi ya irun rẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn lọ sí ìdí ìrù, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí pépà funfun tí ẹ ti rin díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán, yóò wà bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ kòkòrò náà, pépà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n yí i ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ológbò ni kòkòrò náà mu tó sì yà sílẹ̀. Mo máa ń ṣe èyí níwájú àwọn tó bá jiyàn pé ológbò àwọn kò ní kòkòrò, iyàn náà sì máa ń parí síbẹ̀. Awọ àwọn ológbò mìíràn máa ń kọ itọ́ kòkòrò náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìgéjẹ díẹ̀ fi tó láti mú gbogbo ẹ̀yìn wọn yún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ wo ìdí tí ìwẹ̀ kò fi lè tó. Abo kòkòrò yìí lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́, ẹyin náà kì í sì í lẹ̀ mọ́ irun. Yíyí ló ń yí bọ́ sílẹ̀ níbi tí ológbò bá sùn sí. Èyí tó wà lára ẹranko ni díẹ̀. Àwọn ẹyin, ìdin àti èyí tó ti wé ara rẹ̀ sínú ilé bí ti kòkòrò sáńyán wà nínú bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ ẹní, níbi tí ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì ti là, àti láàárín àpò ọjà yín. Èyí tó wé ara rẹ̀ yìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó máa dúró de ìgbà tí ohun ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná bá kọjá. Ẹ wẹ ológbò lónìí, kòkòrò mìíràn á gùn ún lọ́la. Nítorí náà ilé ni iṣẹ́ wà: ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ohun gbogbo tó ń sùn lé, ẹ sá wọn sí oòrùn tó mú, ẹ gbá gbogbo kọ̀rọ̀ ilé lójoojúmọ́, kí ẹ sì da ìdọ̀tí náà síta jìnnà, fún oṣù kan ó kéré tán. Ẹ má fi oògùn fín ṣọ́ọ̀bù o. Oúnjẹ ènìyàn ni ẹ ń tà. Lára ológbò fúnra rẹ̀, oògùn tí a máa ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé, ló dára jù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ iye tí a óò kán. Ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú oògùn yẹn àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà ṣàn dànù.

Ní ti ọmọ, ẹ̀rù ohun méjì ló lè máa bà yín, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ojú èékánná. Bí ológbò bá fi èékánná tàbí eyín dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àrùn dìgbòlugi. Kì í ṣe ajá nìkan ló ń ní in. Ṣùgbọ́n bí ológbò tó dá ọgbẹ́ náà bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, a mọ̀ pé àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ya ọmọ náà. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ẹ lè mí kanlẹ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ológbò náà lọ́dún yìí, kí ẹ sì máa tún un gbà ní àkókò tí dókítà bá dá.

Èkejì ni nǹkan roboto ọrùn rẹ̀. Làpálàpá ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Ológbò máa ń kó irú làpálàpá kan tó máa ń ran ènìyàn, pàápàá ọmọdé tó ń gbé e mọ́ra. Lára ológbò, ẹ lè rí ibi tí irun ti ré ní etí, ojú tàbí ẹsẹ̀ iwájú, tí awọ ibẹ̀ sì ń bó bí eérú. Àwọn ológbò mìíràn sì wà tí wọ́n ń gbé e kiri tí ẹ kò ní rí nǹkan kan lára wọn. Ọṣẹ lásán kì í pa á, èérún irun tó ní àrùn náà sì lè wà nínú ilé fún ohun tó ju ọdún kan lọ kó ṣì lè ranni. Dókítà ẹranko ni mo jẹ́, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ènìyàn. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé kí ẹ má ra ìpara tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn ara ní ọjà. Púpọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń mú kí ara yíyún dáwọ́ dúró, tí làpálàpá fúnra rẹ̀ yóò sì máa tàn ní abẹ́lẹ̀. Títí tí ẹ ó fi mọ ohun tó jẹ́, kí ọmọ àti ológbò má sùn pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹkún á pọ̀ nílé.

Nígbà wo wá ni ìwẹ̀ tọ́? Ó tọ́ bí ológbò bá kó sínú ọ́ìlì, ọ̀dà tàbí omi tó ń ṣàn láti ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́, nítorí pé bí ẹ kò bá wẹ̀ ẹ́, lílá ni yóò lá a tán. Ọ́ìlì kì í gbọ́ ti omi. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró tí a fi ń se oúnjẹ fọwọ́ ra á títí yóò fi tú, kí ẹ tó fi ọṣẹ ìfọwo olómi díẹ̀ ṣan án. Ìgbà yìí nìkan ni mo gba ọṣẹ ìfọwo láyè. Ó tọ́ bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti ba ìdí rẹ̀ jẹ́, tàbí tí ó ti darúgbó débi pé kò lè yí ọrùn dé ẹ̀yìn mọ́. Ó tọ́ bí dókítà bá fún un ní ọṣẹ oògùn fún àìsàn awọ. Kò tọ́ fún ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, fún èyí tí oyún rẹ̀ ti gbó, èyí tí ibà ń ṣe, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ní tiyín, bí kò bá sí oówo tó bẹ́, òòyà àti aṣọ tútù tí a fún gbẹ ni mo yàn fún yín báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Irun tó ti dì bí òkúta, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Awọ ológbò máa ń fà wọnú irun náà bí rọ́bà, mo ti rán awọ tí ẹni tó fẹ́ràn ẹranko rẹ̀ gan-an gé. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfárun.

Bí ó bá wá di pé ẹ gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ yan ọ̀sán tí oòrùn mú, láàárín agogo mọ́kànlá sí méjì. Ẹ má ṣe é ní àkókò ọyẹ́. Ẹ ya irun rẹ̀ tán kí omi tó kàn án, nítorí pé irun tó ti lẹ̀ pọ̀ máa ń le sí i bí omi bá dé ibẹ̀. Ẹ pọn omi sílẹ̀ sínú báàfù méjì kí ẹ tó gbé e dé, kó má baà gbọ́ ariwo omi tó ń dà. Ariwo yẹn náà máa ń bà á lẹ́rù. Ooru ara ológbò wà láàárín 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó fi díẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà omi tó bá ṣe wẹ́rẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́ yín, tí kò tutù tí kò sì gbóná, ló tọ́ sí i. Kì í ṣe omi ìwẹ̀ ìkókó tí àwọn ìyá àgbà wa máa ń pò, tí ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kí omi náà má kọjá orókún rẹ̀. Ohun kan wà tí mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń rajà kókó ní Ìjẹ̀bú-Igbó: ó gé àpò ìdọ̀họ kan, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ báàfù. Ológbò náà fi èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹsẹ̀ rẹ̀ di àpò náà mú, ó dúró gbọn-in, ó kàn ń wo ojú wa bí ẹni tó jẹ wá lówó tí a ò sì mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé púpọ̀ nínú ìjà tí ológbò ń bá wa jà nínú omi, yíyọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fà á.

Kí ẹnì kan di èjìká rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kejì máa fi ife kékeré bu omi sí i láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ má gbé e ní awọ ọrùn sókè. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé e bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ. Ó ti wúwo báyìí. Bí ó bá ní kòkòrò, ọrùn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ho ọṣẹ yí ká, kí wọ́n má baà sá lọ sí orí àti inú etí. Ẹ má da omi sí i lórí rárá. Aṣọ rírin ni kí ẹ fi nu ojú rẹ̀. Ẹ fi omi kejì ṣan án títí tí irun rẹ̀ kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, nítorí pé ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù ni yóò lá. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ó bá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré dé, ẹ dáwọ́ dúró. Ológbò kì í mí bẹ́ẹ̀ àfi bí ìnira bá dé bá a. Aṣọ ìnura méjì ni kí ẹ fi tẹ ara rẹ̀ gbẹ, ẹ má ra á. Ẹ má tan fáànù sí i, ẹ má sì fi páúdà tàbí lọ́fínńdà sí i lára. Kí ọmọ má sí nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Nípa èékánná, ẹ lè gé ṣóńṣó iwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Márùn-ún ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní ti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ ìka rẹ̀ díẹ̀ kó yọ èékánná jáde, ẹ ó rí ibi tó pọ́n nínú rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má dé ibẹ̀. Ti ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kò gbàgbé pé èékánná yẹn ni èkúté ń sá fún ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ojú lẹ́tà ni mo ti sọ ọ́. N kò rí ẹranko náà. Ó lè jẹ́ kòkòrò àti làpálàpá pọ̀, ó lè jẹ́ eyín, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó wà nínú kíndìnrín rẹ̀ tó mú kó rẹ̀ ẹ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Owó àyẹ̀wò lè ju owó tí ẹ fi ra ológbò lọ, n kò ní tan yín. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ eyín yíyọ, ibi tí wọ́n ti lè fi oògùn mú un sùn láìséwu ni kí ẹ wá. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, bí dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín kò bá ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú àpò kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ooru pa méjì lójú mi bẹ́ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, tàbí páálí tí ẹ dá ihò sí lára, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ tó máa ń sùn lé sínú rẹ̀. Ẹ mú ìgò oògùn ìfọlé tí ẹ lò lọ́jọ́sí dání pẹ̀lú, kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.